Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Èéfín Dísẹ̀lì Tí Ń Wọ Inú Píkọ́ọ̀pù

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣe abala ọkọ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń rà ní agbègbè Oǹdó àti Òkè-Igbó, ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ni mo sì ń kó o lọ. Píkọ́ọ̀pù oní-dísẹ̀lì ni a fi ń kó o, àbúrò mi ọkùnrin ni ó ń wà á, èmi a sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tòkúnbọ̀ ni ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò yọ wá lẹ́nu títí di ìgbà tí wọ́n tú nọ́sù rẹ̀, ìyẹn ẹnu tí ń fọ́n dísẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, láti tún un ṣe. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ òórùn èéfín nínú ọkọ̀, pàápàá bí a bá wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìwó Road, tí ọkọ̀ dúró sójú kan, tí amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, òórùn náà a dínkù, àmọ́ kì í lọ tán. Bí a bá tún fi tápólì bo ẹrù, tí a sì ṣí gíláàsì ẹ̀yìn kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wa, ńṣe ni ó máa ń padà wá.

Mẹkáníìkì wa ní sàlẹ́ńsà ni ó jò. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, wẹ́dà jó o, òórùn kò lọ. Wọ́n ní kí a ra ohun olóòórùn dídùn tí wọ́n ń so mọ́ díńgí, a rà á, òórùn méjì ni a wá ń gbọ́ báyìí. Bí a bá fi máa dé Ìbàdàn, orí a ti máa fọ́ èmi àti àbúrò mi, ojú a sì máa ta wá. Mo ti ń lo oògùn ibà nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti sùn mọ́jú nílé, ẹ̀fọ́rí náà a lọ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi tí a máa ń gbé dé ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ náà ti ń wúkọ́. Àwọn ènìyàn ní kí n má ṣe jáyà, pé èéfín pẹtiróòlù ni ó ń pa ènìyàn, pé ti dísẹ̀lì kò ju kí ó dúdú lọ. Ṣé òótọ́ ni? Níbo ni èéfín yìí ń gbà wọlé, kí sì ni kí n sọ fún mẹkáníìkì kí ó má baà tún gba owó lásán lọ́wọ́ mi?

Èmi ni,
Oníṣòwò ọ̀gẹ̀dẹ̀, Oǹdó

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú làálàá. A dúpẹ́ pé ẹ kọ ọ́ fínnífínní, nítorí pé ìgbà tí òórùn náà ń pọ̀ àti ìgbà tí ó ń dínkù ni yóò tọ́ka ibi tí ó ti ń wá fún wa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò ṣeé sún síwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé ọmọ yẹn sínú ọkọ̀ náà mọ́ títí wọn yóò fi rí ibi tí ó ti ń jò, tí wọn yóò sì dí i. Bí ẹ̀yin náà bá lè bá ọkọ̀ mìíràn lọ sọ́jà ní ìwọ̀nba àkókò yìí, ẹ bá a lọ. Ẹ̀fọ́rí tí ó mú ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọkọ̀ kan, tí ó sì fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò nínú ọkọ̀ náà, kì í ṣe ibà. Èéfín ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ dá oògùn ibà dúró títí wọn yóò fi yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ èéfín yìí fún dókítà, nítorí pé bí ẹ kò bá sọ ọ́, kò ní í wá a. Ikọ́ ọmọ náà pẹ̀lú yẹ ní wíwò.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún yín nípa dísẹ̀lì ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, òtítọ́ díẹ̀ yẹn ni ó sì ń ṣe àwọn tí wọ́n gbà á gbọ́ ní jàǹbá. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì máa ń fa afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ ju èyí tí epo rẹ̀ nílò láti jó tán lọ. Nítorí náà, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, ìyẹn gáàsì olóró tí ń pa àwọn tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé mọ́jú, kì í pọ̀ nínú èéfín rẹ̀ tó ti ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù. Kò pọ̀, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Bí nọ́sù bá ń kán tótó dípò kí ó máa fọ́n, bí fílítà afẹ́fẹ́ bá ti dí, bí ẹrù bá wọ ọkọ̀ lọ́rùn, tàbí bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù láàárọ̀, gáàsì náà a máa pọ̀ sí i, inú ọkọ̀ tí wọ́n ti gbogbo gíláàsì rẹ̀ kò sì ní àyè púpọ̀ tí yóò fi tú ká. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa gbé ọ́síjìn káàkiri ara wa a sì máa dì mọ́ ọn ju bí ó ti ń dì mọ́ ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200, èyí ni ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ń ṣe ọṣẹ́ ńlá. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ àti ohun tí ń ta yín lójú jẹ́ ti àwọn tí wọ́n jọ ń jáde: gáàsì náítírójìn dáyọ́ksáìdì tí ń jẹ ojú àti ọ̀fun, àti èérún dúdú kíkúnná tí ó kéré débi pé ó ń kọjá irun imú lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sí lábẹ́ àríyànjiyàn mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, àjọ IARC, tí ó jẹ́ apá tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, gbé èéfín ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kúrò ní ipò àwọn ohun tí ó jọ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ, níbi tí ó ti wà láti ọdún 1988, ó sì gbé e sí ipò kìíní, láàrin àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fà á lára ènìyàn. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù lọ. Àwọn tí wọ́n ń fa èéfín náà símú lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ewu yìí kàn jù, àbúrò yín tí ń wakọ̀ sì wà lára wọn bí a bá fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan ibi tí ó ń gbà wọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í rò ni pé èéfín nílò ihò méjì kí ó tó lè bá ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀: ihò tí ó gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì tàbí lára páìpù, àti ihò tí ó gbà wọ ibi tí ẹ jókòó sí. Bí wọ́n bá dí ọ̀kan ṣoṣo, òórùn a rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a sì tún padà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ wẹ́dà yín nìyẹn, ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé sàlẹ́ńsà kò jò rárá.

Òórùn yín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tú nọ́sù, ó sì ń pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan tí amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni èyí tọ́ka sí. Ibi tí fáànù amúlétutù ti ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé wà ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lábẹ́ ike onílà-lílà tí wáípà wà lórí rẹ̀, ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an nìyẹn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, atẹ́gùn ojú ọ̀nà a máa gbá ohun tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ sí ìsàlẹ̀ àti sẹ́yìn. Nígbà tí ó bá dúró, èéfín gbígbóná a gòkè, a yọ ní ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì, fáànù a sì fà á wá bá yín. Ẹ lè dán an wò: lára bọ́tìnnì amúlétutù, ẹ tẹ èyí tí ń ti afẹ́fẹ́ ìta mọ́ta, tí wọ́n ya àwòrán ọkọ̀ sí pẹ̀lú ọfà tí ó ṣẹ́rí padà nínú rẹ̀. Bí òórùn náà bá dínkù kíákíá, ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé nìyẹn. Ìdánwò lásán ni, kì í ṣe ìwòsàn, nítorí pé bí èéfín bá tún ń gba ibòmíràn wọlé, bọ́tìnnì yìí kan náà ni yóò há a mọ́ yín nínú.

Nọ́sù kọ̀ọ̀kan jókòó sínú ihò rẹ̀ lórí wáṣà bàbà kékeré kan. Wáṣà yìí ni ó ń dí iná àti èéfín inú ẹ́ńjìnnì mọ́ ibi tí ó yẹ kí wọ́n wà. Bàbà rẹ̀ rọ̀, a sì máa tẹ̀ pẹrẹsẹ nígbà tí wọ́n bá de nọ́sù mọ́lẹ̀, kí ó lè bá ojú irin dọ́gba. Èyí tí ó bá ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í tún tẹ̀ dáadáa mọ́. Nítorí náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá tú nọ́sù, wáṣà tuntun ni ó yẹ kí wọ́n fi dá a padà, kí wọ́n kọ́kọ́ nu ìjókòó rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí wọ́n sì fi sípánà tí ń wọn agbára dè é dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Wáṣà yìí kò wọ́n rárá, síbẹ̀ àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá padà, tí wọn yóò ní ó ṣì dára. Bí ó bá ń jò, ẹ ó rí ohun dúdú tí ó le bíi kóólítà tí ó yí ìdí nọ́sù ká, ẹ ó sì gbọ́ ìró mímí kan, ṣì-ṣì-ṣì, tí ń bá ìyípo ẹ́ńjìnnì lọ.

Kì í ṣe òórùn nìkan ni ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù níbí. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ìdí nọ́sù wà lábẹ́ ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ́ìlì wà. Bí wáṣà irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá ń jò, èéfín a máa bá ọ́ìlì pò, ọ́ìlì a ki, èérún tí ó ti dì a sì lọ dí asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì ní ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí asẹ́ yẹn bá dí tán, ọ́ìlì kò ní í gòkè mọ́, ẹ́ńjìnnì a sì nọ́ọ̀kì. Àwọn tí ń tún ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì Toyota tí wọ́n ń pè ní 1KD àti 2KD ṣe mọ ìtàn yìí dáadáa. Bí ọ́ìlì yín bá ti ń ki lójijì láti ìgbà tí wọ́n ti tú nọ́sù, tàbí tí iná ọ́ìlì orí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń tàn, tí ó ń kú, ẹ ní kí wọ́n tú àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi ojú rí asẹ́ náà, kí wọ́n má ṣe pààrọ̀ ọ́ìlì nìkan.

Lẹ́yìn nọ́sù, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ mánífóòdù wò, ìyẹn irin tí ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì. Gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè ti jó, bóòtù rẹ̀ lè ti kán, irin náà fúnra rẹ̀ sì lè ti là. Mánífóòdù tí ó là a máa pariwo ta-ta-ta nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ariwo náà a sì lọ bí ó bá ti gbóná, nítorí pé ooru ń mú kí irin wú, kí ojú ìlà náà sì pa dé. Mẹkáníìkì tí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ bá lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí ẹ ti rìn jìnnà, kò ní í gbọ́ ohunkóhun. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ gbé e lọ, kí ó sùn sọ́dọ̀ wọn bí ó bá ṣeé ṣe. Kí wọ́n tún wo oríkèé tí tọ́bò ti so mọ́ páìpù, àti páìpù tí wọ́n fi irin hun, tí ó máa ń mì láàrin ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà. Gbogbo ibi tí èéfín bá ti ń yọ máa ń fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀, ẹni tí ó bá ní tọ́ọ̀ṣì àti sùúrù yóò rí i.

Ọ̀nà kan wà láti mú kí ibi tí ń jò sọ̀rọ̀. Ní ìta gbangba, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹnì kan a tan ọkọ̀, ẹlòmíràn tí ó wọ ìbọ̀wọ́ a fi aṣọ nípọn tí wọ́n ti rẹ sínú omi dí ẹnu páìpù ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹnì kẹta a sì dẹtí sílẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èéfín tí kò rí ọ̀nà ẹ̀yìn gbà a máa fi ìró hàn níbi tí ó bá ti ráyè. Bí wọ́n bá tún fọ́n omi ọṣẹ sí àwọn oríkèé kí irin tó gbóná, ọṣẹ yóò hó níbi tí ó jò. Kí wọ́n má ṣe dí i pẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ti ọwọ́ sítòsí fáànù àti bẹ́líìtì.

Ọ̀nà mímí ẹ́ńjìnnì náà wà níbẹ̀, rọ́bà tí ń kó afẹ́fẹ́ tí ó bọ́ sínú ọ́ìlì padà sẹ́nu ọ̀nà afẹ́fẹ́. Bí ó bá ti já, tàbí tí ẹnì kan ti gé e dànù, ooru olóòórùn ọ́ìlì a máa kún abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òórùn dísẹ̀lì tútù, tí kò tíì jó, yàtọ̀ pátápátá sí gbogbo èyí: rọ́bà kéékèèké tí ń kó epo àjẹkù padà láti orí nọ́sù ni kí wọ́n wò.

Ihò kejì ni ìwọlé, ibí yìí sì ni a ti rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ àwa fúnra wa ni ó ń dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Irin tí ó pààlà láàrin ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀ ní ihò fún wáyà àti fún páìpù, olúkúlùkù wọn sì ní rọ́bà tí ó dì í láti ilé iṣẹ́. Rìwáyà tí ó wá de tírákà, tàbí tí ó wá de ẹ̀rọ orin, a lu ihò tuntun, a ti wáyà kọjá, a sì fi í sílẹ̀ láì ní rọ́bà. Ohun mìíràn tún wà. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń rìn ní apá ọ̀tún títì ní Nàìjíríà, nítorí náà àwọn ọkọ̀ kan tí wọ́n kó wá láti ìlú tí sítiarín wà lápá ọ̀tún ni wọ́n ti yí sítiarín wọn padà níbí. Bí wọ́n bá yí i tán, ihò tí ọ̀pá sítiarín àti pẹ́dà ti kọ́kọ́ gbà wà síbẹ̀ ní iwájú ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, páálí tàbí fóòmù lásán ni wọ́n sì ń fi bò ó nígbà mìíràn. Tòkúnbọ̀ ni tiyín, ẹ̀yin ni ẹ sì ń jókòó sí ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sókè, kí wọ́n wò ó.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Lálẹ́, kí àbúrò yín jókòó sínú ọkọ̀ nínú òkùnkùn, kí ó sún mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹlòmíràn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó máa tan tọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an sí ara irin náà láti ìta. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ sí i, èéfín lè gba ibẹ̀. Kí wọ́n tún wo rọ́bà ìdí jíà, àwọn rọ́bà pẹlẹbẹ tí ó dí ihò ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, àti rọ́bà gígùn tí ó wà ní ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá ooru ẹ́ńjìnnì dúró kí ó má baà dé ibi tí fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́. Rọ́bà ìkẹyìn yìí ni àwọn pánẹ́ẹ̀bítà máa ń gbàgbé láti dá padà lẹ́yìn tí wọ́n bá kun ọkọ̀.

Ti tápólì àti gíláàsì ẹ̀yìn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì fi hàn pé ọ̀nà kejì wà tí ń wọlé láti ẹ̀yìn. Nígbà tí píkọ́ọ̀pù bá ń sáré, afẹ́fẹ́ tí ó ń kọjá lórí rẹ̀ a máa fi àlàfo kan sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ibi tí ènìyàn jókòó, àlàfo náà a sì máa fa ohunkóhun tí ó bá wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ padà síwájú. Bí ẹ bá ṣí gíláàsì ẹ̀yìn nìkan, èéfín ẹnu páìpù ni ẹ ṣílẹ̀kùn fún. Ẹ tì í pa. Kí ẹ sì wo ibi tí ẹnu páìpù náà parí sí: ó yẹ kí ó yọ kọjá ara ọkọ̀, ní ẹ̀yìn tàbí ní ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá ti yọ apá kan sàlẹ́ńsà tà, bí wọ́n ti ń ṣe nítorí owó tí ń bẹ lára èyí tí ń sẹ́ èéfín, wẹ́dà a máa fi páìpù kúkúrú dípò rẹ̀, ẹnu rẹ̀ a sì parí sí abẹ́ ẹrù tàbí abẹ́ ìjókòó. Àfikún páìpù ni yóò wo èyí sàn.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má ṣe sọ pé sàlẹ́ńsà ni. Ẹ sọ ìgbà tí òórùn ń pọ̀, ẹ sọ pé ìdí nọ́sù ni kí ó kọ́kọ́ ṣí, kí ó fi wáṣà àtijọ́ tí ó bá tú hàn yín, kí ẹ sì fúnra yín ra tuntun tí ó bá nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì yín mu. Ìgbà tí ó bá dí ibi ìjáde tán ni kí ó tó wá dí ìwọlé, kí òórùn lè máa sọ fún un bóyá iṣẹ́ àkọ́kọ́ yọrí. Bí ẹ bá sì wà lójú ọ̀nà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ ṣí gbogbo gíláàsì, ẹ yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sì sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí òòyì ń kọ́ kò gbọdọ̀ tún di sítiarín mú lọ́jọ́ yẹn.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú, àwa awakọ̀ tí a ń dúró de ẹrù mọ́jú ní agbègbè Ṣagámù máa ń sùn sínú píkọ́ọ̀pù, a ó sì fi ẹ́ńjìnnì àti amúlétutù sílẹ̀ nítorí ẹ̀fọn àti ooru. Láìpẹ́ yìí, ẹnìkejì wa kan kò lè dìde dáadáa láàárọ̀, ó ń bì, ó ń sọ ìsọkúsọ. A fún un ní epo pupa àti mílíìkì, ara rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò níkẹyìn. Ní ilé oògùn, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan há ọmọ ìka rẹ̀, wọ́n ní ọ́síjìn rẹ̀ pé. Ṣé èéfín náà ni, tàbí oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ ni?
Awakọ̀, Ṣagámù

ÌDÁHÙN

Arákùnrin wa, ẹ kú ewu ẹlẹgbẹ́ yín. Bí ẹ ti ṣàlàyé rẹ̀, èéfín ni a fura sí jù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi há a ní ìka kò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wò, ẹ̀jẹ̀ tí ó gbé kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì sì pupa lójú rẹ̀ bí èyí tí ó gbé ọ́síjìn. Ó lè sọ pé 98 nínú 100 nígbà tí ènìyàn ń kú lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá ni ó lè fi gáàsì náà hàn, ó sì gbọdọ̀ tètè wáyé kí gáàsì náà tó jáde lára.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fún ẹni tí èéfín mú ní epo pupa tàbí mílíìkì mọ́. Ọ̀nà imú ni májèlé yìí gbà wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà, ohun tí ẹ bá dà sínú ikùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí iyè rẹ̀ kò sì pé lè gbé epo náà mì sí ọ̀nà èémí, kí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ohun tí ó nílò ni kí ẹ fà á jáde sí afẹ́fẹ́ gbangba, kí ẹ dà á dùbúlẹ̀ fẹ̀gbẹ́kan bí ó bá ń bì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní ọ́síjìn, kí ẹ sọ fún wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé inú èéfín ẹ́ńjìnnì ni ẹ ti gbé e jáde. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó ń gba bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì gáàsì náà tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ́síjìn bò ó nímú, kò ju bíi wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ lọ. Lójú pópó, nọ́ńbà 122 ni ẹ lè fi pe àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC.

Ní ti oorun yẹn, ọkọ̀ tí kò jò rárá pàápàá kò yẹ ní sísùn sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Atẹ́gùn kì í fẹ́ púpọ̀ lóru, ẹ̀yin àti ọkọ̀ mìíràn máa ń to ara yín tì ara yín, ẹnu páìpù ẹni kan a sì kọjú sí ibi tí fáànù ẹlòmíràn ti ń fa afẹ́fẹ́. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá sún mọ́ ògiri tàbí igbó, èéfín a padà sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ojú wíńdò. Ẹlẹgbẹ́ yín ní tirẹ̀ ṣì yẹ kí ó lọ rí dókítà, nítorí pé ìgbàgbé àti àìlèronú dáadáa lè yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

ÌBÉÈRÈ

London ni mò ń gbé. Bàbá mi ní Abẹ́òkúta ní píkọ́ọ̀pù oní-dísẹ̀lì àtijọ́ kan tí òórùn rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Ṣé bí mo bá fi aago ìdágìrì kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì tí a ń lò nínú ilé níbí ránṣẹ́, yóò wúlò nínú ọkọ̀?
Ọmọ Ẹ̀gbá, London

ÌDÁHÙN

Yóò wúlò díẹ̀, bí ẹ bá ra irú èyí tí ó tọ́. Ti inú ilé ń tẹ̀lé ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ EN 50291-1, ti ọkọ̀ tí ènìyàn ń sùn sí àti ti ọkọ̀ ojú omi kékeré ń tẹ̀lé EN 50291-2, nítorí pé wọ́n ti dán ti ìkejì wò fún ìmìjìgì. Ìkejì ni kí ẹ rà. Ẹ sọ fún bàbá pé aago náà kì í yára ké: bí gáàsì bá jẹ́ ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, ó lè tó wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ kí ó tó ké; bí ó bá jẹ́ ìdá 100, láàrin ìṣẹ́jú 10 sí 40; bí ó bá tó 300, láàrin ìṣẹ́jú 3. Ẹ̀fọ́rí lè ti mú ènìyàn kí ó tó ké. Kò sì mọ èérún dúdú, kò mọ náítírójìn dáyọ́ksáìdì, nítorí náà bí ó bá dákẹ́ nígbà tí imú ń gbọ́ òórùn, imú ni kí bàbá gbà gbọ́, kí ó sì gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò tí a ṣàlàyé fún ìyá wa láti Oǹdó. Ooru inú ọkọ̀ tí wọ́n pa sínú oòrùn Abẹ́òkúta lè kọjá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára aago náà, kí bàbá máa mú un jáde bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀, kí ó sì máa gbé e sí ìwọ̀n ibi tí orí rẹ̀ dé nígbà tí ó bá ń wakọ̀, kì í ṣe sínú àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù.